Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Orúkọ tó wà lókè sàìtì kọ́ ló ń tajà fún yín

Lẹ́tà tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ó sì jọ pé ẹ jọ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín ni, torí ọ̀rọ̀ ọjà rírà lórí fóònù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Jumia o, Konga o, Amazon o, Temu o, gbogbo ẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ti sólà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa láyè, ó di oṣù tó ń bọ̀. A ti gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, a sì yọ orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń bá jà kúrò níbẹ̀, torí a ò tíì gbọ́ tẹnu wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra bílẹ́ńdà lórí sàìtì ńlá kan, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n, ìdí tí mo fi fọkàn tán wọn nìyẹn. Orúkọ tó wà nínú fọ́tò yàtọ̀ sí èyí tó wà lára ohun tí wọ́n gbé wá, lẹ́tà kan péré ni wọ́n fi yí i, èèyàn ò ní tètè rí i. Mo lọ ata lẹ́ẹ̀kan, òórùn wáyà tó ń jó ló ń jáde. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn kọ́ ló tà á fún mi, pé olùtajà kan ni. Ta wá ni mo sanwó fún? — Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ohun tí wọ́n sọ fún yín yẹn, apá kan ẹ̀ jẹ́ òótọ́, apá kejì ni wọ́n fi ń sá fún iṣẹ́ wọn.

Ẹ wo Ọjà Ọba níbí n'Ílọrin. Tẹ́ ẹ bá ra aṣọ níbẹ̀ tó ṣí, ẹ ò ní gba ààfin Ẹ́míà lọ láti lọ gbowó yín, ọ̀dọ̀ ìyá tó ni ìsọ̀ lẹ máa padà sí. Báwọn sàìtì ńlá yìí náà ṣe rí nìyẹn, ọjà ni wọ́n, àwọn tó wá pàtẹ síbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí sàìtì fúnra ẹ̀ ń tà lọ. Kò kúkú rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Amazon tí gbogbo wọn ń wò ṣe, Jeff Bezos ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1994, ìwé ló sì ń tà nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní July 1995, òun ló ń tà á, òun ló ń dì í, òun ló ń fi ránṣẹ́. Ọdún 2000 ló wá ní káwọn ẹlòmíì náà máa wá pàtẹ sójú kan náà pẹ̀lú òun, lónìí, ju ìdajì ọjà tó ń jáde níbẹ̀ lọ ló jẹ́ ti àwọn ẹlòmíì yẹn. Jumia àti Konga tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2012, nígbà tó yá ọ̀nà yẹn náà làwọn náà tọ̀. Nítorí náà orúkọ ńlá tẹ́ ẹ rí lókè yẹn, orúkọ ọjà ni, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń tajà.

Orúkọ ẹni tó ń tajà wà níbẹ̀ o, wọn ò fi pa mọ́, ó kàn jẹ́ pé lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú àwa tá à ń wá iye owó ò sì ní débẹ̀. Lórí Jumia, tẹ́ ẹ bá ti rí ọjà náà ẹ fà á sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí orúkọ olùtajà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, á gbé yín lọ síbi gbogbo nǹkan tó ń tà. Ẹni tó ń ta bílẹ́ńdà, tó tún ń ta wíìgì, tó tún ń ta táyà kẹ̀kẹ́, èmi ò ní ra bílẹ́ńdà lọ́wọ́ ẹ̀ láéláé. Tẹ́ ẹ bá rí "Official Store", ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ọjà yẹn tàbí aṣojú wọn ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn dáa díẹ̀. Àmọ́ "Jumia Express" tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń balẹ̀, kò sọ pé ojúlówó lọjà o, ohun tó ń sọ ni pé ọjà ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí Jumia, á tètè dé, ẹni tó ni ín lè jẹ́ ẹlòmíì pátápátá.

Ó wá ku owó yín. Ẹ má wá olùtajà kiri, ẹ má sì bá ẹni tó ń gbé fóònù jà, ọmọ iṣẹ́ ni. Inú sàìtì yẹn lowó yín gbà kọjá, inú ẹ̀ náà lẹ máa gbà bèèrè fún un. Ẹ wọ ibi ọ́dà yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń dá ọjà padà, ẹ yan pé ohun tí wọ́n gbé wá kọ́ lohun tẹ́ ẹ rà, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì síbẹ̀, ti ojú ewé yẹn àti ti ara bílẹ́ńdà, kí lẹ́tà tí wọ́n fi yí orúkọ yẹn hàn kedere. Ọjọ́ ìdápadà kì í pọ̀ o, lọ́dọ̀ wa níbí ọ̀sẹ̀ kan ló sábà máa ń jẹ́, ẹ sì dá a padà pẹ̀lú páálí ẹ̀, láílọ́ọ̀nù ẹ̀ àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ṣì ń yí yín, òfin wà. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC dìde, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn tó ń rajà, fún ẹni tó bá rajà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà tí kò bá bá ohun tí wọ́n júwe fún un mu. Ẹ kọ íméèlì sí FCCPC, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí sàìtì náà, mo ti rí i tírú ẹ̀ mú kí wọ́n tètè dáhùn ju ariwo orí fóònù lọ.

Ọjọ́ míì, kẹ́ ẹ tó fi abẹ gé téèpù ara páálí, ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gbé fóònù dání kó máa ká a. Kó kọ́kọ́ ká nọ́ńbà ọ́dà tó wà lára páálí, kó wá ká bí téèpù ṣe wà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kó má dá a dúró títí tẹ́ ẹ fi máa gbé ọjà yọ síta. Fídíò tí wọ́n gé láàárín ò lè gbè yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí fóònù kan tó wù mí lórí sàìtì, mo bá olùtajà sọ̀rọ̀, ó ní ká bọ́ sórí WhatsApp, pé tí mo bá san án tààrà sínú àkáǹtì òun, òun á yọ ₦15,000 kúrò torí sàìtì ń gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ òun. Ó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, ó tiẹ̀ lóun náà ọmọ Kwara ni. — Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke

Ìdáhùn: Àbúrò, má san án o. Ọ̀rọ̀ kọmíṣọ̀n yẹn, òótọ́ ni, òun náà ló jẹ́ kí irọ́ tó kù dùn ún gbọ́. Bówó ẹ bá ti jáde kúrò lórí sàìtì, sàìtì ò mọ̀ ẹ́ rí, kò sí ọ́dà, kò sí nọ́ńbà, kò sí ẹni tó máa bá ẹ dá sí i. Tó bá tún ní kó o ka nọ́ńbà tí bánkì fi ránṣẹ́ sí ẹ fún òun kí òun lè "kọnfáàmù", pa fóònù. Ti ọmọ Kwara tó lóun jẹ́ yẹn, ṣé Kwara ò bí olè ni?

Ibi kan ṣoṣo tọ́rọ̀ fi yàtọ̀ ni àwọn sàìtì ìkéde bíi Jiji, torí níbẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fojú kojú. Ìyẹn, ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ pàdé, níbi térò wà, kó o tẹ *#06# lórí fóònù náà kí IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, jáde, kó o fi wé èyí tó wà lára páálí ẹ̀, kó o fi SIM tìẹ sí i kó o pe èèyàn, kó tó di pé o mówó jáde. Tó bá ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun ti ń kánjú, jẹ́ kó máa lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Texas ní kí n yan ohun tó bá wù mí lórí Amazon, òun á sanwó ẹ̀. Mo ti yan máíkíróweefù kékeré kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, iPhone fún àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, àti páwà báǹkì ńlá. Báwo ni wọ́n ṣe máa dé Òmù-Àrán? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ọlá ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ pẹ́. Kí n tó sọ bó ṣe máa dé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú inú agbọ̀n yẹn wò, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló yẹ kó wọkọ̀.

Ẹ yọ máíkíróweefù kúrò. Iná Amẹ́ríkà 120 volts ni, 60 hertz, tiwa níbí 230 volts ni, 50 hertz, tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná Òmù-Àrán bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí NEPA bá tiẹ̀ fún yín níná, á jó. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra tránsífọ́mà tó ń fa iná wálẹ̀, ṣùgbọ́n tránsífọ́mà ò lè yí 60 yẹn sí 50, máíkíróweefù ò sì ní fẹ́ràn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá iná wa mu wà nílẹ̀ ní Ìlọrin níbí. Ohunkóhun tó bá ń gbóná, bíi kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìgbẹrun, ẹ má rà á láti Amẹ́ríkà. Ṣájà fóònù àti ti láptọ́ọ̀pù yàtọ̀, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí, lẹ́tà ẹ̀ kéré débi pé ẹ máa nílò awò, tẹ́ ẹ bá rí 100-240V níbẹ̀, kò sí wàhálà, ó gba tiwa gba tiwọn. Tẹ́ ẹ bá rí 120V nìkan, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ìyẹn ló wù mí jù nínú ẹ̀. Èyí tó ń lo bátìrì ni kẹ́ ẹ mú, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń dè mọ́ òkè apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ sì fi téèpù télọ̀ wọn òkè apá yín kẹ́ ẹ tó yan, torí aṣọ tí wọ́n ń dè yẹn ní sáìsì, èyí tó bá fún jù á máa ka iye tó ju bó ṣe wà lọ, ẹ̀rù á wá máa bà yín lásán.

iPhone ńkọ́? Láti orí iPhone 14 tó jáde lọ́dún 2022 ni èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà ò ti ní ojú tí wọ́n ń ki SIM bọ̀ mọ́, eSIM, ìyẹn SIM tó ti wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, nìkan ló ń lò. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM níbí, nítorí náà ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó má lọ máa wá ihò SIM kiri lára fóònù. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n kọ "Unlocked" sí i. Èyí tí wọ́n bá ti so mọ́ ilé iṣẹ́ fóònù ọ̀hún kan, kò ní gba láìnì wa.

Páwà báǹkì, bátìrì lithium ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó ń fi bàálù kẹ́rù kì í fẹ́ ẹ rárá, àwọn míì á gbà á ṣùgbọ́n owó ọ̀tọ̀ ni. Tí Àǹtí, ọmọ yín tó wà ní Texas yẹn, bá ń bọ̀ nílé fúnra wọn, báàgì ọwọ́ tí wọ́n ń gbé wọnú bàálù ni kí wọ́n fi sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀, kó má sì kọjá 100 watt-hours.

Ó wá ku bó ṣe máa dé. Ẹ ní kí ó yí àdírẹ́sì orí Amazon yẹn sí Nàìjíríà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi àwọn ohun tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ tààrà hàn án, pẹ̀lú iye owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n máa gbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kì í sí níbẹ̀, owó ọkọ̀ nígbà míì sì máa ń ju owó ọjà. Ọ̀nà tọ́pọ̀ ọmọ wa lọ́hùn-ún ń gbà ni kí wọ́n jẹ́ kí Amazon gbé gbogbo ẹ̀ wá sílé wọn, kí wọ́n kó o fún àwọn tó ń kẹ́rù wá s'Ékòó, Houston nìkan kún fún wọn. Ìwọ̀n lẹ máa sanwó fún, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, páálí tó tóbi tí nǹkan inú ẹ̀ ò wúwo, ìbú àti gíga ẹ̀ ni wọ́n máa wọ̀n. Kí ó tú u, kó yọ gbogbo páálí àti fóòmù dànù, kó tún un dì pọ̀ sójú kan, páálí fóònù nìkan ni kó fi sílẹ̀. Láti Èkó, waybill páàkì ló kù, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀ kó tó gbéra.

Ìbéèrè: Áyọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ rà fún ṣọ́ọ̀bù mi. Ìràwọ̀ 5 ló ní, àwọn tó yìn ín pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n máa ń sanwó fún irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ni. — Télọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Ó pọ̀ débi pé l'Amẹ́ríkà, àjọ FTC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò níbẹ̀ ṣe òfin tó ka ríra ìyìn èké léèwọ̀ lọ́dún 2024. Síbẹ̀ ẹ má torí ẹ̀ pa ojú ewé yẹn dé, ẹ kàn mọ ibi tẹ́ ẹ máa kà. Èmi, àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ 3 ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹni tó fún un ní 5 lè jẹ́ pé ọjọ́ tó gbà á ló kọ ọ́, kò tíì kì í bọ iná. Ẹni tó fún un ní 1 lè jẹ́ pé díspáàṣì ló bínú sí. Oní 3 yẹn ti lò ó, ó mọ ohun tó dáa níbẹ̀ àti ohun tí kò dáa. Ẹ wo fọ́tò táwọn tó rà á fúnra wọn yà, lórí tábìlì wọn, nínú iná ilé wọn, fọ́tò ti olùtajà ò jọ mí lójú. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń yìn, torí wọ́n máa ń yí ọjà sábẹ́ ìyìn àtijọ́, wàá rí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ ẹ̀ pé "ife yìí ò jò".

Fún iṣẹ́ télọ̀, ẹ wo iye watts ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ìràwọ̀. Tó bá jẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I pass my neighbour" lẹ̀ ń lò, kò lè gbé áyọ́ọ̀nù 1,000 watts, ẹ máa pa jẹ́nẹ́rétọ̀ ni.

Ìbéèrè: Òfì ni mò ń hun, ìyá mi ló kọ́ mi, mo sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n gbé e sórí àwọn sàìtì ńlá yìí kí n yé jókòó de oníbàárà. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á jí ọnà mi. — Alhaja, Ìlọrin

Ìdáhùn: Alhaja, ẹ kú òwò, àjèèrè o. Ti jíjí ọnà yẹn, mi ò ní tàn yín, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi fọ́tò síta tí wọn ò ní rí i wò. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán òfì sára aṣọ lásán tipẹ́, yálà ẹ wà lórí sàìtì ni o, ẹ ò sí níbẹ̀ ni o. Ohun tó yẹ kó máa bà yín lẹ́rù ni àwọ̀. Ẹtù tẹ́ ẹ bá yà lábẹ́ gílóòbù á dúdú kirikiri, sányán á pọ́n bí àlàárì, oníbàárà Àbújá á gbà á, á ní kì í ṣe ohun tóun rí nìyí, wọ́n á sì dá a padà sí yín lọ́rùn. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ yà á, lábẹ́ ìbòòji, kì í ṣe inú oòrùn gangan, kẹ́ ẹ na téèpù sórí ẹ̀ kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, kẹ́ ẹ sì kọ irú òwú tẹ́ ẹ lò síbẹ̀ láìbò ó.

Èyí tó ti parí nìkan ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀. Àwọn sàìtì yìí ò mọ pé òfì ní àsìkò tiẹ̀, tí wọ́n bá ti rà á, wọ́n fẹ́ kó jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá pẹ́, wọ́n á fi yín sẹ́yìn nígbà téèyàn bá ń wá ọjà. Aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ hun, ẹ fi ìyẹn sórí WhatsApp yín, kẹ́ ẹ gba àsansílẹ̀. Ẹ bèèrè kọmíṣọ̀n wọn kẹ́ ẹ tó dá owó lé ọjà, ó yàtọ̀ láti orí ọjà kan sí èkejì, kẹ́ ẹ sì rántí pé gèlè á padà wá, àwọn kan máa ń wé e lọ òde Sátidé, kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú páúdà lára. Ẹ ka òfin ìdápadà wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó fi gèlè síbẹ̀, tí kò bá gbè yín, ìró àti fìlà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi gbìyànjú.

Ìbéèrè: Wọ́n fa ilà pa ₦85,000, wọ́n kọ ₦39,000 sábẹ́ ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkàwé, Ìgbàjà

Ìdáhùn: ₦39,000 yẹn nìkan lòótọ́ níbẹ̀, torí òun lẹ máa san. Èyí tí wọ́n fa ilà pa, ẹ má kà á. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé oṣù November lẹ fẹ́ rà á, ẹ ti fi sínú agbọ̀n orí sàìtì láti September, kẹ́ ẹ máa yọjú sí i, ẹ máa rí bó ṣe ń gòkè kó tó wálẹ̀. Black Friday yìí, ìparí November ló máa ń bọ́ sí, ọjọ́ kejì ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àmọ́ níbí wọ́n ti sọ ọ́ di gbogbo oṣù. Konga tiẹ̀ ń pe tiẹ̀ ní Yakata, ó sì rọrùn fún Ìlọrin ju kí wọ́n máa pe Jímọ̀ ní dúdú lọ. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, kẹ́ ẹ wá bèèrè iye rẹ̀ ní títì Taiwo n'Ílọrin kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ìbéèrè: Ilé wa ò ní nọ́ńbà, àdúgbò wa gan-an ò sí lórí máàpù, díspáàṣì méjì ti padà. — Ẹ̀rìn-Ilé

Ìdáhùn: Ẹ yé fi àdírẹ́sì ilé síbẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè ibi tí wọ́n máa gbé e wá, ẹ yan ibi ìgbẹ́rù wọn tó súnmọ́ yín, Ọ̀fà ò jìnnà sí yín, owó ọkọ̀ ẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti ilé. Nọ́ńbà tó ń wọlé dáadáa ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, torí àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń sọ pé ẹrù ti dé, ọjọ́ díẹ̀ sì ni wọ́n á fi dúró dè yín kí wọ́n tó dá a padà s'Ékòó. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló máa bá yín gbà á, ẹ fi orúkọ ẹni yẹn ṣe ọ́dà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì mú nọ́ńbà ọ́dà dání.